Rẹ́jísítà Mẹ́fà, Aboyún Kan

Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan báyìí tí ìbéèrè kan kò jẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀. Mátírọ́ọ̀nù hẹ́ẹ́tì sẹ́ńtà kan lágbègbè Bàrígà ló bi àwọn òṣìṣẹ́ àjọ ìrànwọ́ tó wá bá wa ṣèpàdé. Kò jágbe, kò na ìka sí ẹnikẹ́ni. Ó kàn ní, "Ẹ̀yin tí ẹ wá ràn wá lọ́wọ́ yìí, ta ni olórí yín?" Àwọn àlejò wojú ara wọn. Ẹni tó wá láti ìjọba ìbílẹ̀ wolẹ̀. Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn.

Akọ̀wé CDA, ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò wa, ni mí, èmi ni mo máa ń kọ ohun tí wọ́n bá sọ nípàdé sílẹ̀. Mo kọ ìbéèrè yẹn sínú ìwé mi, mo sì fi àyè sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ fún èsì. Nígbà tí mo délé tí mo fẹ́ da ìwé náà kọ, àyè yẹn ṣófo síbẹ̀, èmi fúnra mi kò sì mọ ohun tí mo lè kọ sí i. Láti ìgbà náà ni mo ti ń kàwé lórí ọ̀rọ̀ yìí, tí mo sì ń béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ti bá irú iṣẹ́ yìí pẹ́.

Kí n tó lọ jìnnà, mi ò bá àwọn àjọ wọ̀nyí jà. Ládùúgbò wa, ọ̀pọ̀ ọmọ ló ń sùn lábẹ́ nẹ́ẹ̀tì tí owó òkè òkun rà. Mo mọ ẹni tó wà láyé lónìí nítorí oògùn HIV tó ń gbà lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tó bá ní kí wọ́n kó ẹrù wọn kí wọ́n máa lọ kò tíì jókòó ti aláìsàn rí. Mátírọ́ọ̀nù kò béèrè bóyá kí wọ́n wá tàbí kí wọ́n má wá. Ẹni tí wọ́n ń jíhìn fún nígbà tí wọ́n bá ti dé ló ń béèrè.

Ohun tó kó sórí tábìlì

Ìjọba ìbílẹ̀ ló pe ìpàdé náà. Àjọ méjì ló pe àwọn nọ́ọ̀sì kan náà sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lọ́jọ́ kan náà, ọjọ́ náà sì bọ́ sí ọjọ́ tí àwọn ìyá ń gbé ọmọ wá gba abẹ́rẹ́ àjẹsára. Àwọn ìyá dé, wọn kò bá ẹni tó máa fún ọmọ wọn lábẹ́rẹ́. Òmíràn nínú wọn ti wọ ọkọ̀ méjì kó tó débẹ̀. Ariwo ọ̀rọ̀ yẹn ló dé ọ̀dọ̀ wa ní CDA, tí a fi ní kí ìjọba ìbílẹ̀ pe gbogbo wọn wá jókòó pọ̀.

Inú gbọ̀ngàn tí àwọn aboyún máa ń jókòó sí láàárọ̀ la ti ṣe é. Alága wa kí àwọn àlejò káàbọ̀, wọ́n gbàdúrà, kálukú sì bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn iṣẹ́ tirẹ̀. Ẹnì kan sọ ti ibà, ẹnì kan sọ ti ikọ́ ẹ̀gbẹ, ẹnì kan sọ ti oúnjẹ aṣaralóore. Gbogbo rẹ̀ ló dára létí. Mátírọ́ọ̀nù kò dá sí i títí ó fi kàn án. Ìgbà náà ló yíjú sí ọmọbìnrin tó ń bá a ṣiṣẹ́, ọmọ náà wọlé lọ, ó sì gbé àwọn ìwé ńláńlá jáde, ó gbá wọn mọ́ àyà bí ẹni gbé ọmọ. Ó tò wọ́n sórí tábìlì ní ẹgbẹ́ ara wọn. Rẹ́jísítà mẹ́fà ni.

Mátírọ́ọ̀nù ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì fi rúlà sábẹ́ ìlà kan nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Obìnrin kan náà ló wà lórí gbogbo ìlà yẹn, aboyún àkọ́kọ́ tó wá fi orúkọ sílẹ̀. Nínú ti ìjọba, wọ́n kọ ọ́ pé oyún rẹ̀ jẹ́ ọ̀sẹ̀ 22. Ìwé kejì kò fẹ́ ọ̀sẹ̀, oṣù ló fẹ́, wọ́n sì kọ 5. Ìwé kẹta kò fẹ́ ọ̀sẹ̀ kò fẹ́ oṣù, ó pín oyún sí ọ̀nà mẹ́ta, wọ́n sì ní kí nọ́ọ̀sì fàmì sí èyí tó bá wà nínú rẹ̀. Ìwé ibà ń béèrè bóyá ó ti gba nẹ́ẹ̀tì, àti ẹ̀ẹ̀melòó ló ti lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ibà mú aboyún. Ti HIV kò gba orúkọ rárá, nọ́ńbà ni wọ́n fi ń dá a mọ̀ níbẹ̀, kí àṣírí rẹ̀ má baà tú. Nínú ìwé kẹfà, wọ́n fi téèpù aláwọ̀ mẹ́ta wọn apá rẹ̀, wọ́n kọ bó ṣe tóbi tó, wọ́n sì tún béèrè ọjọ́ orí rẹ̀ àti nọ́ńbà fóònù rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ó ní, "Agogo mẹ́jọ kọjá díẹ̀ ni obìnrin yìí dé. Nọ́ọ̀sì méjì ló wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn, àwọn tó ń dúró dè wọ́n sì kún dé ẹnu ọ̀nà. Ìgbà tí a fi máa kọ èyí tán, ká kọ èyí, ká kọ èyí, a ò tíì wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ìgbà tí a wá wọ̀n ọ́n, a rí i pé ó ti lọ sókè gan-an. A sáré gbé e lọ sí ọsibítù jẹ́nẹ́rà. Ọlọ́run ló yọ ọ́, òun àti ọmọ inú rẹ̀."

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan nínú àwọn àlejò, ọmọ tó mọ̀wà hù, ló kọ́kọ́ fèsì. Ó ní, "Ẹ má bínú, mà. Àwọn tó ń fún wa lówó ló fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Tí a ò bá rí nọ́ńbà tiwa, wọ́n máa rò pé a ò ṣiṣẹ́ ni." Obìnrin kan fi kún un pé oṣù mẹ́ta mẹ́ta làwọn fi ń jábọ̀, àti pé bí àwọn bá ní kí àwọn dúró de ti ìjọba, yóò pẹ́. Ẹnì kan wá ní kí Mátírọ́ọ̀nù má ṣèyọnu mọ́, pé àwọn máa kó tábúlẹ́ẹ̀tì wá láìpẹ́.

"Ṣé tábúlẹ́ẹ̀tì yẹn máa gbapò rẹ́jísítà ni, àbí ó máa wá jókòó tì í?"

"Ó máa wà pẹ̀lú rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ ná, mà."

Ìgbà náà ló wá béèrè pé ta ni olórí wọn.

Ohun tó gbà mí lọ́kàn jù níbẹ̀ ni ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ẹni tó wá láti ìjọba ìbílẹ̀. Òun gan-an ló yẹ kó dìde kó ní, "Èmi ni. Ìwé kan ṣoṣo la ó máa kọ, ẹni tó bá fẹ́ nọ́ńbà kó wá mú un níbẹ̀." Kò lè sọ ọ́. Nígbà tí ìpàdé tú, ó sọ fún mi ní ìgun ọgbà pé ọkọ̀ tí òun fi ń bẹ àwọn hẹ́ẹ́tì sẹ́ńtà wò, ọ̀kan nínú àwọn àjọ yẹn ló ń rọ epo sí i. Àjọ mìíràn ló ń san owó íntánẹ́ẹ̀tì ọ́fíìsì rẹ̀. Èèyàn dáadáa ni, ó sì mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n báwo lẹni tí àlejò ń bá rọ epo ṣe fẹ́ sọ pé òun kò gba ìwé àlejò? Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà wà lọ́jà yìí, wọ́n ti so ọwọ́ rẹ̀ ni.

Wọ́n ti fọwọ́ sí i, ó ti pẹ́

Mo rò tẹ́lẹ̀ pé àwọn tó wà lókè kò mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ yìí ni. Wọ́n mọ̀ ọ́n tipẹ́. Ní ọdún 2003, wọ́n pàdé ní Róòmù lórí bí àwọn orílẹ̀-èdè tó ń ṣèrànwọ́ ṣe máa mú ìlànà wọn bá ara wọn mu. Ní 2004, àwọn tó ń ná owó lórí HIV fohùn ṣọ̀kan pé kí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ní ètò kan ṣoṣo, aláṣẹ kan ṣoṣo, àti ọ̀nà kan ṣoṣo láti fi mọ bí iṣẹ́ ṣe ń lọ sí. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ 2 oṣù Kẹta ọdún 2005, wọ́n ti kó ara wọn jọ sí ìlú Paris, àwọn olówó àti àwọn tó ń gbowó, wọ́n sì fọwọ́ sí i pé orílẹ̀-èdè tó ń gba ìrànwọ́ ni yóò máa darí ètò ìdàgbàsókè rẹ̀, pé àwọn olùrànlọ́wọ́ yóò tẹ̀lé ètò náà, wọn yóò sì dẹ́kun ṣíṣe iṣẹ́ kan náà tí ẹlòmíràn ti ń ṣe. Nàìjíríà wà lára àwọn tó fara mọ́ ọn. Wọ́n tún sọ ọ́ ní Accra ní 2008, wọ́n tún sọ ọ́ ní Busan ní 2011.

Wọ́n gbé òṣùwọ̀n 13 kalẹ̀ fún ara wọn ní Paris, pé kó tó di 2010 àwọn gbọ́dọ̀ ti dé ibẹ̀. Nígbà tí wọ́n ṣírò rẹ̀, ẹyọ kan péré ni wọ́n bá.

Ìdí wà tó fi rí bẹ́ẹ̀, kò sì dá lórí ìwà burúkú. Àjọ tó gba owó lọ́wọ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tàbí ti Jámánì mọ̀ pé àwọn aṣòfin ibẹ̀ yóò béèrè pé owó orí àwọn ará ìlú dà, kí ló ṣe. Wọ́n fẹ́ rí iye ọmọ tí owó tiwọn gbà là, kó dá yàtọ̀ sí ti ẹlòmíràn. Ọdún ìṣúná wọn kò bá tiwa mu. Òfin ìnáwó wọn kò bá tiwa mu. Ọ̀gá tí yóò fọwọ́ sí ìgbéga ọ̀dọ́mọkùnrin tó mọ̀wà hù yẹn, ìlú mìíràn ló wà, kò ní rí Bàrígà láéláé, nọ́ńbà inú ìwé nìkan ló máa rí. Bẹ́ẹ̀ ni ọmọ náà ṣe ń jíhìn fún ẹni tí kò sí níbẹ̀, tí Mátírọ́ọ̀nù tó wà níbẹ̀ sì ń fi ọwọ́ rẹ̀ san gbèsè rẹ̀.

Nítorí náà, kíkó wọn jọ sípàdé nìkan kò lè yanjú rẹ̀. A ti ṣe ìpàdé. Àfi kí onílé ní ètò tirẹ̀ lọ́wọ́, kó sì lágbára láti sọ pé rárá. Ọbẹ̀ tí baálé ilé kì í jẹ, ìyáálé ilé kì í sè é, ṣùgbọ́n baálé gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ èyí tó ń jẹ.

Àwọn kan nílẹ̀ Áfíríkà ti sọ ọ́. Tanzáníà ya àkókò kan sọ́tọ̀ nínú ọdún, nígbà tí wọ́n bá ń ṣe ìṣúná wọn, pé kí àwọn ikọ̀ láti òkè òkun má wá, kí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba lè gbájú mọ́ iṣẹ́ wọn. Rùwáńdà lọ jìnnà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 2010, wọ́n pín iṣẹ́ láàárín àwọn olùrànlọ́wọ́, kálukú kò gbọ́dọ̀ ju ẹ̀ka mẹ́ta lọ. Ẹni tí wọ́n bá ní kó fi ìlera sílẹ̀ kó lọ sí ẹ̀ka mìíràn, ibẹ̀ ni yóò lọ. Ẹ jẹ́ ká rò ó dáadáa: orílẹ̀-èdè méjèèjì yìí nílò owó ìrànwọ́ ju Nàìjíríà lọ fíìfíì. Owó ìrànwọ́ kò tó nǹkan kan tí a bá fi wé gbogbo ohun tí Nàìjíríà ń pa wọlé. Àwọn tó nílò rẹ̀ jù ló lè sọ pé ẹ dúró ná. Kí wá ló dé tí àwa kò lè sọ ọ́?

Èkó ti ṣe é rí

Wọ́n máa ń sọ pé Èkó kò ṣeé kó jọ, pé ó ti pọ̀ jù. Mi ò gbà, torí ojú wa ló ṣe nígbà tí Ebola dé.

Ọjọ́ 20 oṣù Keje ọdún 2014 ni arìnrìnàjò kan láti Làìbéríà gúnlẹ̀ sí pápákọ̀ òfurufú Murtala Muhammed pẹ̀lú àrùn náà lára. Ẹni tó wà ní Èkó nígbà náà kò lè gbàgbé. Òru ni wọ́n ń pe ara wọn lórí fóònù pé kí wọ́n dìde lọ fi omi iyọ̀ wẹ̀, kí wọ́n sì mu nínú rẹ̀. Àwọn èèyàn kò bọ ara wọn lọ́wọ́ mọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí. Dókítà Ameyo Stella Adadevoh, tó kọ̀ jálẹ̀ pé aláìsàn náà kò ní jáde nílé ìwòsàn, kó àrùn náà, ó sì kú ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹjọ.

Láàárín ọjọ́ díẹ̀ tí wọ́n mọ̀ pé Ebola ni, ìjọba àpapọ̀ àti ìjọba Èkó ti dá ibùdó ìṣàkóso kan sílẹ̀, wọ́n sì fi í sí Yábàá. Ẹni tí wọ́n fi ṣe olórí rẹ̀, Dókítà Faisal Shuaib, ti jẹ́ igbákejì olórí níbi ibùdó tí wọ́n fi ń bá àrùn rọpárọsẹ̀ jà. WHO, àjọ ìlera àgbáyé, wà níbẹ̀, UNICEF wà níbẹ̀, CDC, àjọ tó ń dènà àrùn ní Amẹ́ríkà, wà níbẹ̀, àwọn dókítà MSF, ẹgbẹ́ àwọn dókítà aláàánú láti òkè òkun, náà wà níbẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ fiyè sí ni bí wọ́n ṣe pín ara wọn. Iṣẹ́ ni wọ́n fi pín in, wọn kò fi àjọ pín in. Àwọn kan ń wá àwọn tó ti fara kan aláìsàn, àwọn kan ń tọ́jú ẹni tó ń ṣàìsàn, àwọn kan ń ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, àwọn kan ń bá ará ìlú sọ̀rọ̀. Nínú ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ẹni tí WHO ń sanwó fún lè jókòó ti ẹni tí ìjọba Èkó ń sanwó fún, ẹnì kan náà sì ni àwọn méjèèjì ń jábọ̀ fún.

Àkọsílẹ̀ kan ni wọ́n ń lò fún àwọn tó fara kan aláìsàn. Orúkọ 894 ló wọ inú rẹ̀, wọ́n sì lọ bá wọn lójúkojú nígbà tó tó 18,500, láti wo ara wọn bóyá ó gbóná. Ẹ fojú inú wò ó ná, ká ní àkọsílẹ̀ mẹ́fà ni, tí kálukú ń lépa tirẹ̀ ní Èkó yìí. Èèyàn 20 ni àrùn náà mú ní Nàìjíríà, láàárín Èkó àti Port Harcourt, ẹni 8 ló kú nínú wọn. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹwàá ọdún yẹn, WHO kéde pé Nàìjíríà ti bọ́.

Ibùdó Yábàá kò ṣàdédé hù láti inú ilẹ̀. Láti ọdún 2012 ni wọ́n ti dá irú rẹ̀ sílẹ̀ fún àrùn rọpárọsẹ̀, lẹ́yìn tí ìjọba àti àwọn àjọ ti ná owó fún ọ̀pọ̀ ọdún láìrí ẹ̀yìn àrùn náà. Wọ́n kó gbogbo wọn sínú ilé kan, wọ́n ń wo nọ́ńbà kan náà lójoojúmọ́. Ìwà tí wọ́n ti kọ́ níbẹ̀ ni wọ́n gbé wá sí Èkó. Ní 2020, wọ́n kéde pé kòkòrò rọpárọsẹ̀ àtilẹ̀wá (wild polio) ti tán ní Nàìjíríà.

Ẹnì kan lè sọ pé ti Ebola yàtọ̀, pé àrùn kan ṣoṣo ni, oṣù mẹ́ta péré sì ni, pé ìdàgbàsókè kì í ṣe ohun tí a ń fi ìpayà ṣe. Òótọ́ wà níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó lè máa sáré bẹ́ẹ̀ fún ogún ọdún. Ṣùgbọ́n àkọsílẹ̀ kan, olórí kan, kálukú nídìí iṣẹ́ tirẹ̀: èwo nínú wọn ló gba ìpayà? Ohun tí mo rò ni pé ẹ̀rù Ebola ba àwọn tó wà ní Geneva àti Atlanta, níbi tí WHO àti CDC fìdí sọlẹ̀ sí, gẹ́gẹ́ bó ṣe bà wá. Ó lè wọ ọkọ̀ òfurufú lọ bá wọn. Ìfúnpá aboyún Bàrígà kò lè wọ ọkọ̀ òfurufú. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí ìjọba tiwa gan-an ka tirẹ̀ sí ìpayà.

Onílé náà gbọ́dọ̀ fohùn ṣọ̀kan

Ó máa jẹ́ àbòsí tí mo bá di gbogbo ẹrù yìí lé àwọn àlejò lórí. Ẹ rántí ilé ẹ̀kọ́ orí omi ní Makoko, èyí tí Kunlé Adeyemi yàwòrán rẹ̀. Owó UNDP, àjọ ìdàgbàsókè ti Ìparapọ̀ Orílẹ̀-Èdè, àti ti àjọ Heinrich Böll ti ilẹ̀ Jámánì wà nínú rẹ̀, wọ́n sì parí rẹ̀ ní 2013. Gbogbo ayé ló yà á ní fọ́tò. Bẹ́ẹ̀, ní oṣù Keje 2012, ìjọba Èkó ti rán àwọn èèyàn lọ wó ilé ní etí omi yẹn kan náà, wọ́n sì sọ lẹ́yìn náà pé ilé ẹ̀kọ́ náà kò bófin mu. Ọjọ́ 7 oṣù Kẹfà ọdún 2016 ni òjò wó o. Ta ni ọmọ Makoko fẹ́ dìrọ̀ mọ́, ẹni tó ń kọ́lé fún un ni tàbí ẹni tó ń wó o?

Ti Badia dùn mí ju èyí lọ. Ní 2006, Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí 200 mílíọ̀nù dọ́là fún ìjọba Èkó, apá kan nínú rẹ̀ wà fún títún àdúgbò mẹ́sàn-án tí nǹkan kò rọgbọ fún ṣe. Badia wà lára àwọn mẹ́sàn-án náà, Makoko, Ìwayà àti Bàrígà náà sì wà níbẹ̀. Ní oṣù Kejì ọdún 2013, nígbà tí iṣẹ́ náà ṣì ń lọ, ìjọba gbé katakata wọ Badia East, ọ̀pọ̀ ẹbí sì sùn síta. Ìjọba kan náà ló yáwó láti tún un ṣe. Àwọn ará Badia ló fi ẹsẹ̀ ara wọn gbé ẹjọ́ náà dé iwájú Báńkì Àgbáyé.

Bí ẹ̀ka ìjọba kan kò bá mọ ohun tí ẹ̀ka kejì ń ṣe, àjọ tó bá wọlé yóò yan ẹ̀ka tó bá rọrùn fún un, yóò sì máa pe ìyẹn ní ìfọwọ́sowọ́pọ̀ pẹ̀lú ìjọba. Ìjọba ìbílẹ̀ 20 ló wà ní Èkó, àwọn ìjọba ìbílẹ̀ onídàgbàsókè (LCDA) 37 sì tún wà lẹ́yìn wọn. Ilẹ̀kùn tí èèyàn lè gbà wọlé pọ̀.

Nígbà tí omi gbẹ

Ní ọjọ́ 20 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2025, ààrẹ Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ìwé pé kí owó ìrànwọ́ ilẹ̀ òkèèrè dúró fún àádọ́rùn-ún ọjọ́. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Keje, USAID, àjọ tó ń pín owó ìrànwọ́ Amẹ́ríkà, ti kógbá sílé. Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin wa fi 200 mílíọ̀nù dọ́là kún ìṣúná ìlera láti fi dí àlàfo náà, mo sì yìn wọ́n fún ìyẹn.

Owó iṣẹ́ kan ládùúgbò wa náà gbẹ lọ́dún yẹn. Ọmọ tó máa ń wá ka nọ́ńbà nínú ọ̀kan nínú àwọn rẹ́jísítà wọ̀nyí kò wá mọ́, nọ́ńbà rẹ̀ kò sì wọlé. Àwọn nọ́ọ̀sì kò dẹ́kun ìwé náà. Oṣù dé orí oṣù, wọ́n ń kọ ọ́, wọ́n ń fa ìlà, wọ́n ń ròpọ̀ nísàlẹ̀ ojú ewé, torí pé kò sí ẹni tó wá sọ fún wọn pé iṣẹ́ ti parí. Mátírọ́ọ̀nù fi ojú ewé wọ̀nyẹn hàn mí. Wọ́n mọ́ tónítóní. Kò sí ẹnikẹ́ni láyé yìí tó ń dúró de nọ́ńbà inú wọn.

Abúja ti ní èsì fún èyí, ó kéré tán lórí ìwé. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2023, ààrẹ, àwọn gómìnà àti àwọn àjọ fọwọ́ sí àdéhùn kan tí Mínísítà ìlera nígbà náà, Muhammad Ali Pate, léwájú rẹ̀: ètò kan, ìṣúná kan, ìròyìn kan, ìjíròrò kan. Mo fara mọ́ ọn tọkàntọkàn. Nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ìròyìn kan ló sún mọ́ wa jù, torí orí tábìlì nọ́ọ̀sì ló ti bẹ̀rẹ̀. Bí àdéhùn náà bá dé Bàrígà, ìwé mẹ́fà yóò di ìwé kan. Títí di ìgbà ìpàdé wa, kò tíì dé.

Lẹ́tà wa

CDA ti kọ lẹ́tà sí dókítà tó ń darí ìlera ní ìjọba ìbílẹ̀ wa, a sì fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí Alausa, ibùjókòó ìjọba Èkó, sí ilé-iṣẹ́ ètò ọrọ̀ ajé àti ìṣúná. A ní kí àjọ tó bá gbé rẹ́jísítà tuntun wá kọ́kọ́ sọ èyí tó fẹ́ kó kúrò nílẹ̀. Kó kọ ọjọ́ tí owó rẹ̀ yóò tán sílẹ̀ níṣojú kọmití ìlera wọ́ọ̀dù, àti ẹni tí yóò jogún iṣẹ́ náà. Kí ìjọba ìbílẹ̀ ṣe kàlẹ́ńdà kan fún gbogbo ìdánilẹ́kọ̀ọ́, kí ọjọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára jẹ́ ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn. A sì bẹ ìjọba Èkó pé kí wọ́n fi owó epo ọkọ̀ àbẹ̀wò àti ti íntánẹ́ẹ̀tì sínú ìṣúná tiwọn. Owó yẹn kò pọ̀. Òun ló máa tú ọwọ́ ọkùnrin yẹn sílẹ̀.

Àjọ méjì ti dáhùn. Ti ibà gbà pé láti ìgbà ìjábọ̀ oṣù mẹ́ta tó ń bọ̀, inú ìwé ìjọba ni àwọn yóò ti máa mú nọ́ńbà àwọn. Èyí tó ń pín oyún sí ọ̀nà mẹ́ta náà gbà, wọ́n ní ọ̀sẹ̀ tí ìjọba ń kọ ti tó àwọn láti ṣírò tiwọn. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó mọ̀wà hù ló pè mí lórí fóònù pé òun ti kọ̀wé sí ọ̀gá òun lókè òkun lórí ti tábúlẹ́ẹ̀tì, ó sì ní kí n fi fọ́tò rẹ́jísítà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ránṣẹ́, kí wọ́n lè fojú ara wọn rí i. Mo bo orúkọ àwọn aboyún mọ́lẹ̀, mo sì fi wọ́n ránṣẹ́ lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Alausa kò tíì dáhùn. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní kọmití wọ́ọ̀dù ní Ṣómólú, ní Àjẹ́gúnlẹ̀, ní Èkó Ìsàlẹ̀, tí ẹ bá fẹ́ ẹ̀dà lẹ́tà náà, ẹ béèrè, ẹ yí orúkọ àdúgbò padà, kí ẹ sì fi tiyín ránṣẹ́ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ìṣúná ọdún tó ń bọ̀.